Ibi Tí Ọwọ́ Ìyá Wọn Dúró

Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, oníròyìn ni mí ní Èkó, mo sì ń gbé nínú yàrá kan tó gbóná bí ààrò. Bí kò bá sí iṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni mo máa ń lọ. Ẹni tó bá bi mí léèrè, mo máa ń sọ pé nítorí iṣẹ́ ọnà ni. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ibẹ̀ tutù, wọn kì í gba owó ìwọlé, kò sì sí ẹni tó ń pariwo. Bí mo bá kúrò níbẹ̀, n ó rìn lọ sí etí ọ̀sà, n ó wo àwọn ọkọ̀ òkun tó gúnlẹ̀ sí Àpápá ní òdì kejì.

Nígbà mìíràn àwọn ayàwòrán máa ń pàtẹ iṣẹ́ wọn sí gbọ̀ngàn kan ní Mààrínà. N ó wọlé, n ó wo gbogbo rẹ̀ tán, n ó sì bá ẹni tó yà á sọ̀rọ̀, nítorí pé ẹnu ènìyàn ni iṣẹ́ mi.

“Kí lo rí níbẹ̀?” ni ọ̀kan nínú wọn bi mí lọ́jọ́ kan.

“Mo rí obìnrin tó ru omi.”

“Ọkọ̀ apẹja ni,” ó ní. Ó tún wò ó. “Ṣùgbọ́n má bínú, ó jọ obìnrin lóòótọ́.”

Ọ̀kan nínú àwọn Sátidé yẹn ni mo rí aṣọ náà. Inú àpótí onígíláàsì ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, ní igun yàrá kan tí àwọn ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Kíjìpá aláró ni, ìlà dúdú àti ìlà funfun. Àkọlé rẹ̀ kò ju ìlà méjì lọ: iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, Ọ̀fà. Orúkọ ìlú mi ló mú kí n dúró. Bí mo ti ń wò ó, mo rí i pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí aṣọ náà láàárín. Apá òkè dí gan-an. Láti ibì kan lọ sí ìsàlẹ̀, àwọn ìlà náà fẹ̀ díẹ̀, bí ìgbà tí akọ̀wé méjì bá kọ lẹ́tà kan ṣoṣo. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo sì gbàgbé rẹ̀.

Mo wálé sí Ọ̀fà fún ọdún Iléyá. Mo jókòó ti Màmá, ìyá tó bí ìyá mi, lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń bó ànàmọ́, mo sì ń ròyìn Èkó fún un. Mo sọ ti afárá, mo sọ ti ọkọ̀ òkun tó gùn ju ọjà lọ. Ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo kan aṣọ náà, ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

“O ní ìlà rẹ̀ yí padà láàárín?”

“Díẹ̀ ni, Màmá.”

“Láti dídí sí fífẹ̀, àbí láti fífẹ̀ sí dídí?”

Mo ṣí ìwé mi wò. “Òkè dí, ìsàlẹ̀ fẹ̀.”

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. “Ọkọ mi, aṣọ ìyá mi lo rí yẹn.”

Gbogbo agbo ilé wa ló mọ ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn. Ìyá Màmá kú nígbà tí mo ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́. Ahunṣọ ni. Òfì rẹ̀, irú èyí tó dúró sí ara ògiri tí obìnrin máa ń jókòó síwájú rẹ̀, wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ikú rẹ̀ bá aṣọ kan lórí òfì náà, kò tíì ju ìdajì lọ. Ní agbo ilé wa, wọn kì í já òwú òkú kúrò lórí òfì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó bá mọ aṣọ hun ni yóò jókòó síbẹ̀, yóò sì hun ún parí kí àdúrà ọjọ́ kẹjọ tó pé. Ọmọ obìnrin méjì ló bí, Màmá ni àbúrò, òun nìkan ló sì kọ́ iṣẹ́ náà. Ó jókòó, ó hun ún parí. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ le. Bó bá fi apásà, pákó tí wọ́n fi ń lu òwú mọ́ra, lu aṣọ, omi kò ní ráyè kọjá nínú rẹ̀. Ọwọ́ Màmá fúyẹ́. Ìdí nìyẹn tí ibi tí ìyá dúró sí fi hàn nínú aṣọ náà.

Lọ́jọ́ kẹjọ, lẹ́yìn àdúrà, wọ́n wá aṣọ náà tì.

Ẹ̀gbọ́n Màmá, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ti ilé ọkọ wá láti Ìjagbò. Òun ni àkọ́bí, òun ló ń pín ẹrù. Nígbà tí kò rí aṣọ náà, ó dúró ní àárín agbo ilé, ó sì sọ gbólóhùn kan tí mo fi etí ara mi gbọ́: “O ti ta ọwọ́ ìyá wa.” Màmá búra títí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò gbà, kò tilẹ̀ bi í ibi tó fi aṣọ náà sí. Láti ọjọ́ náà, ó tó ọdún mẹ́wàá, Ìyá Àgbà kò bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò sì fi oúnjẹ ilé rẹ̀ kan ẹnu. Bí Màmá bá fi ẹran Iléyá ránṣẹ́ sí i, àwọn ọmọ ló ń jẹ ẹ́.

“Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yẹn,” mo sọ fún Màmá, “wọ́n máa ń ní ìwé tí wọ́n ń kọ ẹni tó mú nǹkan wá sí.”

“Orúkọ rẹ̀ gan-an?”

“Orúkọ rẹ̀ gan-an.”

Oníròyìn ni mí, mo ní láti béèrè. “Màmá, ṣé kì í ṣe pé ẹ tà á lóòótọ́?”

Ó gbé ọ̀bẹ padà. “Tún bi mí, kí n bó ìwọ náà mọ́ ànàmọ́.” Lẹ́yìn náà ó ní, “Lọ pe ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo bá dá lọ, tí mo padà wá sọ pé ìwé ní kì í ṣe èmi, ta ni yóò gbà mí gbọ́? Etí tirẹ̀ ni kí wọ́n kà á sí.”

Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìjagbò. Ìyá Àgbà ń ṣa ẹ̀gúsí nínú atẹ. Ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ mi tán kó tó gbójú sókè.

“Ìwé náà, ṣé kò ní parọ́?”

“Ẹni tó mú un wá ló sọ ọ́ fún wọn, Ìyá Àgbà.”

“N ó lọ,” ó ní. “Mo fẹ́ wà níbẹ̀ kí n wo ojú rẹ̀ bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀.”

Bí a ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin nìyẹn ní Ọ̀fà, ìyá àgbà méjì àti èmi, ọ̀kan lọ́tùn-ún mi, ọ̀kan lósì. Kò sí ìkankan nínú wọn tó wo èkejì. Bí ọ̀rọ̀ bá wà, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbà kọjá.

“Sọ fún un kó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí àpò mi,” Ìyá Àgbà wí.

“Màmá, wọ́n ní kí ẹ gbé ẹsẹ̀ yín.”

“Sọ fún un pé àpò rẹ̀ ló wá sábẹ́ ẹsẹ̀ mi.”

Arákùnrin kan tó jókòó sí òdìkejì wa, tí ó di adìyẹ mẹ́ta pọ̀ sínú agbọ̀n, ń wò wá láti Ìkìrun. Nígbà tí a dé Òṣogbo kò lè mú un mọ́ra. “Ọ̀gbẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́, ṣé èdè wọn kò dọ́gba ni?”

“Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n,” mo dá a lóhùn.

“Háà,” ó ní, ó sì yíjú sí adìyẹ rẹ̀.

Màmá ní ànàmọ́ sísè nínú abọ́ tó fi aṣọ bò. Ìyá Àgbà ní ẹ̀kọ tirẹ̀. Wọ́n jẹun ní Ìbàdàn, olúkúlùkù kọ ojú sí fèrèsé tirẹ̀. Màmá bu ànàmọ́ fún mi, ó sì gbé abọ́ náà sórí itan mi láìdé e, ní ìhà ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó dúró níbẹ̀ títí a fi kúrò ní tésàn. Lẹ́yìn náà ó dé e.

Ní Èkó wọ́n sinmi lọ́dọ̀ ìyàwó ọ̀rẹ́ mi kan. Lọ́jọ́ kejì mo kó wọn lọ. A gba etí ọ̀sà kọjá, ọkọ̀ òkun funfun kan sì ń wọlé láti ojú òkun. Ìyá Àgbà dúró wò ó.

“Ilé ta ni wọ́n wọ́ sórí omi?”

“Ọkọ̀ ni, Ìyá Àgbà.”

“Ìwọ náà ti di ará Èkó, ò ń parọ́ fún àgbà.”

Ní ẹnu ọ̀nà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kí n tó yíjú padà, àwọn méjèèjì ti bọ́ bàtà wọn kalẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí. Ọkùnrin ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ sáré wá.

“Ìyá, ẹ wọ bàtà yín. Kò sí ẹni tó ń bọ́ bàtà níbí.”

“Ṣé kì í ṣe nǹkan àwọn àgbà ló wà nínú ilé yìí?” Màmá bi í.

“Òun ni, mà.”

“Fi wá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi rìn wọlé. Wọ́n kọjá ère idẹ, wọ́n kọjá eyín erin tí wọ́n fín. Ère òkúta kan wà níbẹ̀ tó jókòó lórí àpótí. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀. “Ẹ kú ìjókòó o. Ọmọ Ẹ̀sìẹ́ ìtòsí wa lẹ jọ.” Ó yíjú sí ẹ̀ṣọ́. “Ṣé ẹ ń tọ́jú wọn dáadáa níbí? Wọn kò ní ará lẹ́bàá ibí o.”

“A ń nù wọ́n lára lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, mà.”

“Ó dára.”

A dé iwájú aṣọ náà. Màmá fi iwájú orí kan gíláàsì. Èémí rẹ̀ bo ibi tó ń wò, ó fi ìdí ìró nù ún, ó tún wò.

“Ojú mi kò ká a,” ó ní. “Ọwọ́ mi ni yóò mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣí i.”

“Ìyá, ẹ má bínú,” ẹ̀ṣọ́ wí. “Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án.”

“Ìwọ ọmọ yìí!” Ohùn Ìyá Àgbà ni. “Ta ló hun ún, ìwọ àbí òun?”

Bó ti sọ ọ́ tán, ó yíjú sí ògiri kíákíá, bí ẹni tí ẹnu rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀.

Ariwo yẹn ló mú ọ̀gá ibẹ̀ jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin onígíláàsì ojú ni, Yorùbá bíi tiwa. Mo ṣàlàyé fún un. Ó gbọ́ mi, ṣùgbọ́n àwọn ìyá náà ló ń wò.

“Èmi rò pé òwú ló tán lọ́wọ́ ahunṣọ náà,” ó sọ fún Màmá, “tó fi mú òwú mìíràn.”

“Ẹ̀mí ló tán,” Màmá dá a lóhùn. “Òwú ń bẹ.”

Ọkùnrin náà lọ mú kọ́kọ́rọ́ wá. Ó ní kí Màmá nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì fún un ní aṣọ funfun tó fi nù ún. Ó ṣí gíláàsì náà. Màmá di ojú rẹ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé òkè aṣọ náà, ó sì ń wọ́ ọ bọ̀ nísàlẹ̀ jẹ́jẹ́. Èmi ń wo ìlà tí mo ti fi ojú sàmì sí. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dé ibẹ̀ gẹ́lẹ́, ó dúró.

“Ibí ni mo ti jókòó,” ó ní. “Títí dé ibí, ìyá mi ni. Láti ibí lọ, èmi ni.”

Ìyá Àgbà náà nu ọwọ́. Òun kò mọ aṣọ hun, ṣùgbọ́n òkè nìkan ni ó gbé ọwọ́ lé, apá tó dí. Ó gbé e síbẹ̀ títí ọ̀gá náà fi rọra wúkọ́. Nígbà tó yọ ọwọ́, ó ní, “Ẹ ka ìwé yín.”

Wọ́n gbé ìwé ńlá kan wá. Màmá di apá mi mú. Èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára. Ọ̀gá náà wá ojú ewé rẹ̀, ó kà á ní Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní Yorùbá. Ó ní obìnrin oníṣòwò kan láti Ọ̀fà ló mú aṣọ náà wá. Obìnrin náà sọ pé ogún ìyá òun ni, pé ìyá òun máa ń wẹ òkú àwọn obìnrin ní Ọ̀fà nígbà ayé rẹ̀, àti pé ilé ahunṣọ kan ni wọ́n ti fún un ní aṣọ náà lẹ́yìn tó wẹ òkú ìyá ilé náà. Ó ka orúkọ ìyá tó ń wẹ òkú. Kí ó tó pè é tán, Ìyá Àgbà ti mọ̀ ọ́n.

“Òun ló wẹ ìyá wa,” ó ní.

Ìjókòó pákó kan wà níbẹ̀. Ó jókòó sórí rẹ̀. Èmi ló wá sọ̀rọ̀ sí.

“Bi í léèrè. Nígbà tó hun aṣọ náà tán, ibo ló fi sí?”

Kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ láàárín wọn. “Màmá, wọ́n ní ibo lẹ fi sí?”

“Sọ fún un pé inú àpótí ìyá wa ni. Aṣọ rẹ̀ ni, àpótí rẹ̀ ni mo fi sí.”

“Bi í pé, ṣé lásán ló gbé e síbẹ̀?”

“Sọ fún un pé rárá. Aró rẹ̀ ṣì ń ràn mọ́ ọwọ́. Kó má baà pa aṣọ tó kù láró, mo fi ìró pupa àtijọ́ kan wé e, mo dì í, mo gbé e lé orí gbogbo rẹ̀.”

Ìyá Àgbà bo ojú rẹ̀. Ní agbo ilé wa, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ, wọ́n máa ń fún ẹni tó wẹ òkú ní ìdì aṣọ òkú náà. Wọn kì í tú ìdì náà wò kí wọ́n tó fún un. Ẹni tó bá tú u, ó ń ṣahun sí òkú nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kì í sì í dárúkọ ìdì náà mọ́ lẹ́yìn náà. Àkọ́bí ló ń fún un.

“Ìdì pupa,” ó ní. “Mo ṣí àpótí, mo rí ìdì pupa lókè. Mo ní ó káre, ó ti bá mi dì í sílẹ̀. Mo gbé e fún ẹni tó wẹ̀ ẹ́. Àkísà ni mo pè é.”

Ẹ̀ṣọ́ tó ti ní kí a má fọwọ́ kan aṣọ náà ń fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀. Màmá kò sunkún. Ó ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni tó ń wo nǹkan tó ti jìnnà sí i tipẹ́.

Ọ̀gá náà, bóyá kí ó lè rí nǹkan ṣe, mú kálámù. “Ẹ̀yin ìyá, ẹ jẹ́ kí n kọ orúkọ ahunṣọ náà sí i. Kí ni orúkọ màmá yín?”

Màmá wo Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà wo ilẹ̀. Kò sí èyí tó lè la ẹnu pe orúkọ ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà. Kálámù dúró lórí ìwé.

“Ẹ kọ ọ́ pé ìyá ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọmọ ló parí rẹ̀,” mo sọ fún un. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ó tún béèrè bóyá a fẹ́ kọ̀wé pé kí wọ́n dá aṣọ náà padà. Màmá ní kí n bi ẹ̀gbọ́n òun.

“Ẹni tó wẹ ìyá wa ni wọ́n fún,” Ìyá Àgbà wí. “Ẹnì kan kì í gba ìyẹn padà. Kó wà níbẹ̀.” Nígbà tí a ń jáde, ó dúró lẹ́bàá ẹ̀ṣọ́. “Èyí náà, ẹ máa nù ún lára.”

“Eruku kì í dé inú gíláàsì, mà.”

“Ẹ máa nu gíláàsì.”

Nínú ọkọ̀ ojú irin tí a bá padà, mo jókòó sáàárín wọn gẹ́gẹ́ bí ìṣe. A kúrò ní Ìddó, a kọjá Abẹ́òkúta, kò sí ẹni tó rán mi níṣẹ́. Mo ti rò pé Ìyá Àgbà yóò sọ nǹkan kan. Mo tilẹ̀ ti mú ìwé mi jáde. Ìyá Àgbà ń wo igbó lójú fèrèsé. Ẹ̀kọ rẹ̀ ṣì wà nínú àpò, mo rí i.

Nígbà tí a sún mọ́ Ìbàdàn, ó ní, “Ṣé ànàmọ́ yẹn kù?”

Màmá yíjú sí mi, ó ń dúró kí n jíṣẹ́. Mo pa ẹnu mọ́. Ó wá yé e.

“Ó kù díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní. “Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́, kò dùn mọ́.”

“Ta ló bi ọ́ léèrè adùn? Bù ú wá.”

Màmá na abọ́ náà kọjá lórí itan mi. Ìyá Àgbà mú èyí tó tóbi jù, kò bó èèpo rẹ̀, ó gé e jẹ. Ó jẹ ẹ́ tán, ó tún na ọwọ́.

“Dìde, ọkọ mi,” ó sọ fún mi, ẹnu rẹ̀ ṣì kún. “Lọ jókòó sọ́hùn-ún. O ti dí wa lọ́nà tó.”